Oníbodè Ti Kúrò ní Toll Gate, Ẹgbẹ́ Onílé Ni Ó Ń Ṣọ́ Bodè

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Èkó, tí ó ń lọ sí Abẹ́òkúta, yóò gbọ́ tí ọmọ ọkọ̀ ń kígbe "Toll Gate! Toll Gate!" ní kété tí wọ́n bá ré Alákùkọ kọjá. Bí ó bá wo ọ̀tún, tí ó wo òsì, kò ní í rí ibodè kankan tí ẹnikẹ́ni ti ń gba owó. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ilé owó-bodè sí ojú ọ̀nà náà nígbà kan rí, kí àwọn ọlọ́kọ̀ lè máa san owó ọ̀nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004 ni ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi òpin sí irú owó bẹ́ẹ̀ lórí àwọn ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, tí a sì wó àwọn ilé náà. Ilé wó, orúkọ kò wó. Ṣàngó Toll Gate ni tọmọdé tàgbà ń pe ibẹ̀ títí di òní olónìí.

Ọ̀rọ̀ ibodè kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí òyìnbó tó dé, ìlú tí ó bá tó ìlú ní odi tí ó yí i ká, odi náà ní ẹnubodè, ẹnubodè kọ̀ọ̀kan sì ní oníbodè tirẹ̀. Òun ni ó ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí ó ru ẹrù wọlé, tí ó sì ń jíṣẹ́ fún ọba tàbí ìjòyè tí ó fi í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó gbígbà nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ojú ìlú ni oníbodè í ṣe. Bí àjèjì bá yọ lókèèrè, òun ni yóò bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń lọ. Èyí tí kò bá lè dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú ìlú ti di ẹni ìfura. Èyí tí ó bá dárúkọ ẹnì kan, ilé ẹni náà ni a ó mú un lọ, ẹni náà yóò sì di onílé rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ náà, onílé. Lónìí, bí a bá ti gbọ́ ọ, owó ilé ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Àwọn baba wa kò lò ó bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, onílé ni ẹni tí ó gba àlejò sílé, tí ó fún un ní yàrá láìgba ẹyọ owó kan, tí ó mú un lọ kí baálẹ̀, tí ó bá a wá ilẹ̀ oko, tí ó sì dúró fún un bí ọ̀ràn bá dé. Bí àlejò bá jalè, onílé rẹ̀ ni ojú ń tì. Bí a bá fi ìyà jẹ àlejò láìṣẹ̀ láìrò, onílé rẹ̀ ni yóò lọ sọ tẹnu rẹ̀ níwájú àwọn àgbà. Ó ṣe ni láàánú pé a ti sọ orúkọ tí ó ní ẹrù tó bẹ́ẹ̀ di orúkọ ẹni tí ń gba owó ọdọọdún.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé iṣẹ́ oníbodè àti iṣẹ́ onílé, ní ìtumọ̀ àtijọ́ yẹn, ti bọ́ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ní Toll Gate àti káàkiri Ọ̀tà. Ti oníbodè, wọ́n ń gbìyànjú. Ti onílé, ààbọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Kì í ṣe àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí ó ní ọ́fíìsì ní Èkó àti Àbújá ni mo ń bá wí. Àwọn amòye tí ń díyelé ilé àti ilẹ̀ ti ní ẹgbẹ́ tiwọn láti ọdún 1969, òfin sì ti dá iṣẹ́ wọn mọ̀ láti 1975. Àwọn tí ń kọ́ ilé tà náà dá tiwọn sílẹ̀ ní 2002. Ìyẹn ti tó. Ẹgbẹ́ tí mo ń sọ ni èyí tí ń ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù lábẹ́ igi máńgòrò tàbí nínú ọgbà ilé alága, tí akọ̀wé rẹ̀ lè jẹ́ tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí akápò rẹ̀ sì jẹ́ ìyá oníṣòwò kan tí kọ́bọ̀ kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, a ó máa pè é ní ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, CDA, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan náà ni yóò jókòó sórí àga.

Àwọn wo ni wọ́n ń kóra jọ bẹ́ẹ̀? Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, Ọlọ́tà sì ni ọba rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá sì ń rọ́ wá sí etí ààlà Èkó, ibi tí ó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ ti di òpópónà. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 526,565 ènìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá wà, Ìjẹ̀bú wà, Èkìtì, Ìgbò, Hausa, Ẹ̀gùn, àti àwọn tí wọ́n gba ọ̀nà Ìdí-Irókò wọlé láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tí ń rọ irin tàbí èyí tí ń ṣe ike. Ẹlòmíràn ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ kí ó lè bá ọkọ̀ dé Ìkẹjà kí oòrùn tó yọ. Kò sí agbo ilé kan tí ó bí gbogbo wọn, kò sí baálé kan tí gbogbo wọn ń kí ní òwúrọ̀. Bí ẹnì kan bá kú lóru láàárín wọn, tí ará ilé rẹ̀ wà ní Ṣakí tàbí ní Ọ̀ffà, ilẹ̀kùn alága ẹgbẹ́ onílé ni a ó kọ́kọ́ kàn.

Ilẹ̀ ni ìdí pàtàkì tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi wà, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀.

Ní àtètèkọ́ṣe, Yorùbá kì í ta ilẹ̀. Ti ẹbí ni, ti àwọn òkú tí ó sùn sínú rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí. Àlejò tí a fún ní ilẹ̀ oko ń san ìṣákọ́lẹ̀, iṣu díẹ̀, ẹmu díẹ̀, láti fi hàn pé òun mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ní ọdún 1921, nígbà tí Àmódù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó, bá ìjọba ṣe ẹjọ́ lórí ilẹ̀ Àpápá, tí Herbert Macaulay sì bá a rìn dé ọ̀hún. Olóyè Olúwa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, Àwórì bíi ti àwọn ará Ọ̀tà ni wọ́n. Ìdájọ́ náà fi múlẹ̀ pé ti ẹbí àti ti àwùjọ ni ilẹ̀ ní àárín wa, àti pé ìjọba tí ó bá gbà á gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú tí ó yẹ.

Síbẹ̀, ilẹ̀ di ohun títà. Nígbà tí ó sì di ohun títà, àṣà wa fúnra rẹ̀ fi ìlànà lé e: olórí ẹbí àti àwọn àgbà tí ó dúró fún ìdí kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Láti ọdún 1959 ni ilé ẹjọ́ ti là á yé wa pé bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, a kò ta nǹkan kan. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi ti àwọn àgbà ẹbí ṣe, wọ́n lè yí títà náà padà. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 tún wá gbé gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́ kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún ará ìlú, ó sì ní ẹni tí ó bá fẹ́ fi ilẹ̀ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà.

Ẹ wo bí ẹrù ti pọ̀ tó lórí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo! Ó ní láti dá olórí ẹbí tòótọ́ mọ̀ láàárín àwọn mẹ́ta tí ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Ó ní láti mọ iye ìdí tí ó wà nínú ẹbí náà. Ó ní láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ ọ̀hún, kí ó sì tún mọ̀ bóyá ẹbí kejì ń bá ẹbí kìn-ín-ní ṣe ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ta ni yóò sọ fún un? Ajẹ́ńtì tí ó mú un débẹ̀ kò ní í sọ, nítorí kọmíṣọ́ọ̀nù ni ó ń wò. Ẹni tí ó ti kọ́lé sí àdúgbò náà ṣáájú rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n, ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí i.

Ẹjọ́ ilẹ̀ ni ó sì máa ń pa àdúgbò lẹ́kún jù. Ẹbí méjì lè bá ara wọn ṣe ẹjọ́ fún ogún ọdún, láti ilé ẹjọ́ gíga dé kòtẹ́milọ́rùn. Ní ogún ọdún náà, ẹbí tí ó wà lórí ilẹ̀ ń tà á, àwọn ènìyàn ń kọ́lé, ọmọ ń dàgbà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹbí kejì jàre. Wọ́n mú ìwé ìdájọ́ dé pẹ̀lú bélíìfù àti ọlọ́pàá, wọ́n ní kí gbogbo onílé wá tún ilẹ̀ rà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kátapílà ń bọ̀. Opó tí ó ń jẹun nínú owó yàrá méjì, níbo ni yóò ti rí owó ilẹ̀ san lẹ́ẹ̀kejì?

Níbí ni n kò ti lè fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ onílé ṣeré. Ẹnì kan ṣoṣo níwájú ìwé ìdájọ́, ìbẹ̀rù ni yóò fi san ohunkóhun tí wọ́n bá dá lé e. Igba ilé tí ó ní agbẹjọ́rò kan, àpò kan àti ohùn kan, ẹbí tí ó jàre yóò jókòó bá wọn sọ̀rọ̀. Wọn yóò dúnàá dúrà. Wọn yóò gba àyè láti san án díẹ̀díẹ̀. Wọn yóò bẹ̀bẹ̀ kí ti opó àti ti arúgbó fúyẹ́. Wọn yóò sì gba ìwé tí gbogbo àgbà ẹbí tẹ̀ka sí, kí ọmọ ẹnì kan má baà tún jáde ní ọdún kẹwàá pé baba òun kò sí níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin ní ọdún 2016 lòdì sí àwọn tí ń fi ipá gba ilẹ̀, tí wọ́n ń kó jàǹdùkú wọ orí ilẹ̀ onílẹ̀. Òfin náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn dé Toll Gate, àfi bí ẹnì kan bá kọ ẹ̀sùn, tí ó fọwọ́ sí i, tí ó sì tẹ̀lé e dé àgọ́ ọlọ́pàá nígbà tí jàǹdùkú ṣì dúró níta ilé rẹ̀. Ẹni tí kò ní ará lẹ́yìn kì í sábà láyà bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìrànlọ́wọ́ mìíràn, gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ àti yanrìn tí wọ́n dà sójú ọ̀nà, ẹ̀yin náà ti mọ̀ wọ́n. Ọ̀wẹ̀ ni, ọ̀wẹ̀ tí a fi owó ṣe dípò ọkọ́. Èyí tí ó wù mí jù ni àjọ àti èsúsú tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń dá lábẹ́ ara wọn, tí ẹlòmíràn fi parí òrùlé rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kọ nípa èsúsú gẹ́gẹ́ bí àṣà tí ó gbilẹ̀ láàárín wa. Èsúsú yìí bá àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú rékọjá òkun: sou-sou ni wọ́n ń pè é ní Trinidad, ní ọdún 1983 sì ni John Humphrey, òṣèlú kan níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi orúkọ náà àti ọgbọ́n náà kó owó táṣẹ́rẹ́ àwọn mẹ̀kúnnù jọ, tí wọ́n ra ilẹ̀ gbọọrọ, tí wọ́n sì pín in fún wọn ní pulọ́ọ̀tì. Kì í ṣe ohun kékeré pé ọgbọ́n tí ó ń gbé ilé ró ní Ọ̀tà gbé ilé ró ní òdìkejì òkun.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó kù sí.

A ti gbé géètì sí ẹnu ọ̀pọ̀ òpópónà, a ń tì í ní aago mọ́kànlá òru, ọlọ́dẹ sì jókòó tì í pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ibodè ti padà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọlọ́dẹ náà léèrè orúkọ àwọn tí ń gbé inú ilé kẹta lápá ọ̀tún. Orúkọ onílé ni yóò sọ, onílé tí ó lè jẹ́ pé Agége ni ó ń gbé, tí ó ń wá gba owó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn ayálégbé mẹ́jọ tí ó sùn sínú ilé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn fún un. Bí ìrọbí bá mú aboyún kan láàárín wọn ní aago méjì òru, ó di dandan kí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ọlọ́dẹ pé òun kì í ṣe olè kí ó tó ṣí géètì. Oníbodè tí kò mọ ará ìlú yàtọ̀ sí àjèjì, kí ni ó ń ṣọ́?

Ọ̀rọ̀ owó ni ó burú jù. Bí tíráńsífọ́mà bá jó, ẹgbẹ́ onílé yóò ṣe ìpàdé, wọn yóò dá owó, wọn yóò sì pín in sí yàrá yàrá. Ayálégbé yóò san án. Owó ọlọ́dẹ, yóò san án. Owó gọ́tà, yóò san án. Ìpàdé tí a ti dá gbogbo owó wọ̀nyí, kò sí àga fún un níbẹ̀. Ìwé ni a ó lẹ̀ mọ́ ògiri fún un. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àjọ NERC tí ń mójú tó iná mànàmáná ní Nàìjíríà gbé ìlànà kalẹ̀ ní 2015 pé bí àwọn tí ń lo iná bá fẹ́ fi owó ara wọn ra irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ bá iléeṣẹ́ tí ń pín iná ṣe àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ lórí bí owó náà yóò ṣe padà. Ẹgbẹ́ mélòó ni ó ń bèèrè àdéhùn yìí kí ó tó sanwó? Bí owó bá sì padà lóòótọ́, ọ̀dọ̀ ta ni yóò padà sí? Ṣé ọ̀dọ̀ onílé tí ó fọwọ́ sí ìwé ni, tàbí ọ̀dọ̀ ayálégbé tí ó mú owó wá?

Mo mọ èsì tí àwọn onílé yóò fọ̀. Wọ́n á ní ayálégbé kò ní gbòǹgbò, pé lónìí ni ó wà, lọ́la a ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Èsì náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kò tó. Ayálégbé wà ní Toll Gate tí ó ti gbé ilé kan fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé àdúgbò náà. Ìgbà wo gan-an ni àlejò ń di ará ilé? Nínú agbo ilé àtijọ́, kò tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rárá. Àlejò tí ó bá ti bá wọn ṣe ọ̀wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ó bá wọn gbẹ́ sàréè, a ti ń pè é sí ọ̀rọ̀.

Ohun tí ó tọ́, lójú tèmi, kò le. Ohun tí yóò kù sílẹ̀ nígbà tí ayálégbé bá kó lọ, bíi tíráńsífọ́mà, afárá àti géètì, onílé ni kí ó san án, nítorí iye ilé rẹ̀ ni ó ń gbé ga. Ohun tí a ń jẹ tán lóṣooṣù, bí owó ọlọ́dẹ àti ti àwọn agbálẹ̀, kí gbogbo wọn jọ san án, kí ẹnì kan láti inú ilé kọ̀ọ̀kan sì jókòó nínú ìpàdé tí a ti ń dá a. Bí onílé bá gba ayálégbé tuntun, kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ alága gẹ́gẹ́ bí a ti ń mú àlejò lọ kí baálẹ̀, kí akọ̀wé kọ orúkọ rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ sínú ìwé, kí ọlọ́dẹ sì mọ ojú wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí àwọn onílé gbọ́ láìbínú. Orúkọ iyì ni "ọmọ onílẹ̀" láyé àtijọ́, ọmọ tí ó mọ ìdílé rẹ̀ ni. Lónìí, bí a bá dárúkọ rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé a wá ibi sá sí, nítorí owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé. Ó dùn mí pé àwọn ẹgbẹ́ onílé kan ti kọ́ ìwà náà lára àwọn tí wọ́n kóra jọ láti bá jà. Ọkọ̀ yanrìn àkọ́kọ́ kò tí ì já ẹrù sílẹ̀ tí wọ́n ti dá a dúró, tí wọ́n ní kí ẹni tí ó ni ín wá san owó ìdàgbàsókè. N kò sọ pé kí ẹni tuntun má san nǹkan. Ó bá ọ̀nà àti iná nílẹ̀, àwọn kan ni ó làágùn lé e lórí. Ṣùgbọ́n kí iye rẹ̀ wà nínú ìwé, kí ó jẹ́ ọ̀kan náà fún Ìgbò àti Yorùbá, kí a fún un ní rìsíìtì, kí a sì gbà á láyè láti san án díẹ̀díẹ̀. Kí a kọ́kọ́ bèèrè orúkọ rẹ̀ kí a tó bèèrè owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ayálégbé yìí kì í ṣe ti àánú lásán. Ẹjọ́ ilẹ̀ kò dáwọ́ dúró ní Ọ̀tà. Ọ̀sán ni bélíìfù máa ń dé, ní ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí onílé wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun. Ìyàwó ayálégbé tí ń yan ẹ̀pà níwájú ilé ni yóò rí i tí ó ń lẹ ìwé ilé ẹjọ́ mọ́ ògiri, òun ni yóò mọ ọjọ́ tí a kọ síbẹ̀, òun náà ni yóò sì pinnu bóyá kí òun pe alága lórí fóònù, tàbí kí òun kàn sọ fún ọkọ òun pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá sí ibòmíràn.